Ẹ̀JẸ̀ FUNFUN: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ JẸJẸRẸ INÚ Ẹ̀JẸ̀ TÍ Í PẸ́ LÁRA, ÀTI OLÙRÀNLỌ́WỌ́ TÍ ALÁÌSÀN LÈ RÍ

Àrùn púpọ̀ ni ó wà tí gbogbo wa mọ orúkọ wọn. Bí a bá dárúkọ ibà, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí àtọ̀gbẹ, kò sí ẹni tí yóò béèrè nínú yín pé kí ni wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ènìyàn lè di arúgbó láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àfi ní ọjọ́ tí dókítà bá sọ fún un pé òun ni ó ń ṣe é, tàbí pé òun ni ó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Àrùn náà ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àní irú èyí tí í rọra wọlé, tí í sì í pẹ́ lára kí ó tó fi agbára rẹ̀ hàn. Irú kan nínú rẹ̀, èyí tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí jù, kì í mú ju ẹni kan tàbí ẹni méjì lọ nínú 100,000 ènìyàn láàárín ọdún kan.

Ẹnìkan lè wí pé, Bí ó bá ṣọ̀wọ́n tó báyìí, kí ni a ń da ara wa láàmú sí? Èsì wa ni pé ìṣọ̀wọ́n rẹ̀ gan-an jẹ́ apá kan nínú ewu rẹ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀, aládùúgbò ẹni yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì lè tọ́ka sí ibi tí a ti í tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, orúkọ ohun mìíràn ni gbogbo ènìyàn yóò máa pè é. A ó pè é ní ibà tí kò lọ, a ó pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́, a ó pè é ní ọwọ́ ayé. Aláìsàn yóò sì máa ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, títí ìgbà tí oògùn ì bá ràn án lọ́wọ́ jù lọ yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ọdún 2001 wá, oògùn wà fún irú àrùn yìí tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá tètè rí i, tí kò sì já a sílẹ̀, fi lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó bàjẹ́, ó yẹ kí a mọ bí ó ti rí nígbà tí ó dára. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Bí a bá kán an díẹ̀ sí orí dígí, tí a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a ó rí i pé àwọn ohun tín-ín-tìn-ín ni ó kún inú rẹ̀, àwọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Àwọn pupa ni ó pọ̀ jù. Àwọn ni ń ru afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri gbogbo ara. Àwọn funfun kò pọ̀ tó wọn rárá. Àwọn ni ọmọ-ogun tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Irú kẹta kéré ju gbogbo wọn lọ, iṣẹ́ tiwọn sì ni láti mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fi ara gbọgbẹ́. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe gbogbo wọn ní ọ̀sán àti ní òru. Ara sì ní òdiwọ̀n tirẹ̀: nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, àwọn funfun kì í sábà dín ní 4,000, wọn kì í sì í sábà ju 11,000 lọ.

Nínú àrùn tí à ń wí yìí, òdiwọ̀n náà ti já. Mùdùnmúdùn ń tú àwọn funfun jáde láìdúró, wọn a sì di 100,000, tàbí 200,000, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀kán kékeré kan náà. Púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń jagun. Ó dà bí ìlú kan tí ó kó àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun ìjà í dì mú sí gbogbo ojú pópó pé kí wọ́n máa ṣọ́dẹ: wọn kò lè lé olè, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ ìlú tán, wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ti ń gba ààyè nínú egungun ni àwọn pupa ń dínkù, tí ara aláìsàn sì ń rọ.

Ní ọdún 1845 ni dókítà méjì, tí ọ̀kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe, kọ ìwé nípa àrùn yìí. John Hughes Bennett wà ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, Rudolf Virchow sì wà ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹni tí Bennett yẹ̀ wò jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 28 tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi òkúta pẹlẹbẹ bo òrùlé ilé. Àárẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ni ó kíyèsi pé ohun líle kan ń wú ní ìhà òsì ikùn òun. Nígbà tí ó kú, Bennett rò pé ọyún ni ó kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Virchow ni ó wòye pé kì í ṣe ọyún, pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó wà lára tẹ́lẹ̀ ni ó pọ̀ ré kọjá. Òun ni ó sì fún àrùn náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí “ẹ̀jẹ̀ funfun” ní èdè Gíríìkì, ní ọdún 1847. Láti inú orúkọ yìí ni àwọn òyìnbó ti ń pè é ní leukaemia títí di òní.

A dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nítorí pé ohun tí ó rí lára rẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn wa ń rí. Ní abẹ́ egungun ìhà, ní apá òsì, ẹ̀yà ara kan wà tí a ń pè ní ọlọ inú. Nínú ara ẹni tí ó le, ọwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́. Nínú àrùn yìí a máa wú, a máa sọ̀kalẹ̀ dé ìdodo tàbí kọjá rẹ̀, a sì máa wúwo bí ẹrù. Aláìsàn yóò jẹ òkèlè díẹ̀, inú rẹ̀ yóò ti yó. Yóò máa rù. Yóò máa làágùn ní òru títí aṣọ ibùsùn rẹ̀ yóò fi tutù. Àárẹ̀ yóò wà tí oorun kò lè mú kúrò. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ a sì máa ní ìnira kan ní ìkọ̀kọ̀ ara wọn, èyí tí ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà ní kíákíá, nítorí kì í ṣe ohun ìtìjú bí kò ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ki jù.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ibà pẹ̀lú a máa mú ọlọ inú wú, pàápàá lára àwọn ọmọdé. Nítorí náà ni ó ṣe rọrùn láti wí pé ibà ni, kí a sì máa ra oògùn ibà léraléra lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn. Àwọn mìíràn a sín gbẹ́rẹ́ sí orí ibi tí ó wú náà, ọgbẹ́ á sì kún àrùn. A kò wí èyí láti fi àwọn àgbà ṣẹ̀sín. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń tọ́jú. Ohun tí a ń wí ni pé ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi í ka iye sẹ́ẹ̀lì, èyí tí kì í gbà ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá, ni yóò kọ́kọ́ fi hàn. Ẹnikẹ́ni tí ibà rẹ̀ kò bá lọ lẹ́yìn tí ó ti lo oògùn tí ó tọ́, tí ó sì ń rù, tí ìhà òsì rẹ̀ sì le, kí ó lọ béèrè àyẹ̀wò yìí. Kí a má sì wí pé àrùn àgbàlagbà ni. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún ni ó ń mú jù. Ní ilẹ̀ wa, àwọn dókítà ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá sí ọ̀dọ̀ wọn kò tíì pé 40 ọdún, àwọn tí ọmọ wọn ṣì kéré, tí òbí wọn sì ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ó ń fa òdiwọ̀n náà já? Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni okùn kéékèèké 46 wà, ní méjìméjì, tí a kọ gbogbo àṣẹ ara sí bí ẹni kọ ọ́ sí inú ìwé. Kírómósómù ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ní ọdún 1960, ọkùnrin méjì ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Peter Nowell àti David Hungerford, rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn yìí, ọ̀kan nínú àwọn okùn náà kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1973 ni obìnrin kan ní Chicago, Janet Rowley, wá rí ibi tí èyí tí ó gé lọ wà: okùn kẹsàn-án àti okùn kejìlélógún ti ṣe pàṣípààrọ̀ etí wọn. Bí ẹni pé ìwé méjì ya, tí ẹni tí ń rán wọn sì fi ojú ewé ọ̀kan mọ́ ti èkejì. Níbi tí a gbé rán wọn pọ̀ lódì ni ọ̀rọ̀ titun kan ti jáde tí kò sí nínú ìwé méjèèjì tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé, Bí sí i, bí sí i, láìsinmi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ apá yìí, nítorí ó ti tú ìgbéyàwó ká, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Pàṣípààrọ̀ náà kò ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kò sì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Inú mùdùnmúdùn aláìsàn nìkan ni ó ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí a ti bí i, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo tí ó wá di púpọ̀. Kò dà bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí òbí méjèèjì ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Aláìsàn kò lè fi bí ọmọ rẹ̀. Kò lè ran ẹni tí ó bá a jẹun nínú àwo kan, tàbí ẹni tí ó bá a sùn ní ibùsùn kan. Nínú ohun tí a mọ̀ pé ó lè fà á, ìtànṣán líle bí irú ti àdó olóró tí a jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945 ni ó dájú jù. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn, a kò rí ìdí kan tí a lè tọ́ka sí. Kò sí ohun tí wọ́n jẹ tàbí tí wọ́n mu tí wọn ì bá fi dá ara wọn lẹ́bi.

Àrùn yìí ní àwọn ìbátan mẹ́ta tí wọn kò gbọdọ̀ ṣàì ní ìdárúkọ, bí a kò tilẹ̀ ní pẹ́ lórí wọn. William Dameshek, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ni ó kó wọn pọ̀ sí ìdílé kan ní ọdún 1951. Nínú ọ̀kan, àwọn pupa ni ó pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á sì ki; orí fífọ́ a máa wà, ara a sì máa yún aláìsàn gidigidi lẹ́yìn ìwẹ̀, tí yóò fi máa pààrọ̀ ọṣẹ lásán. Nínú èkejì, àwọn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni ó pọ̀ jù. Nínú ẹ̀kẹta, mùdùnmúdùn á di líle bí àpá ọgbẹ́, ọlọ inú á sì tóbi púpọ̀. Ewu tí ó wọ́pọ̀ jù nínú méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ kí ó ti dì, kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 2005 ni a rí àṣìkọ kan tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ sí èyí tí a fẹ́ sọ báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí a ó wí nípa sùúrù àti nípa olùrànlọ́wọ́ bá wọn mu pẹ̀lú.

Kí ọdún 2001 tó dé, ẹni tí a bá sọ fún pé ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ funfun yìí kò sábà lò ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Oògùn wà tí ń dín iye sẹ́ẹ̀lì kù, ṣùgbọ́n wọn kò dá àrùn náà dúró; tí ó bá yá, a máa yí padà di líle, a sì máa pa ènìyàn láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí mùdùnmúdùn rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba lè gba tirẹ̀ sí ara, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà léwu, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Brian Druker, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Nicholas Lydon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ onímọ̀ ìpo-oògùn, wá ohun kan tí yóò wọ ihò ọ̀rọ̀ òdì náà bí ìgbà tí a fi igi há ihò kọ́kọ́rọ́, tí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ kò fi ní lè wọlé mọ́. Imatinib ni orúkọ oògùn náà. Glivec ni ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe é ń pè é ní ọjà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998 ni a kọ́kọ́ fi fún aláìsàn. Nínú 54 tí ó gba ìwọ̀n tí ó tó, àwọn 53 ni iye ẹ̀jẹ̀ wọn padà sí bí ó ti yẹ. Irú èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nínú ìtàn jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n oògùn tí a ti ṣe kò tó nǹkan, àwọn tí ń kú sì pọ̀. Ní ọdún 1999, obìnrin kan tí ó ní àrùn náà ní ìlú Montreal ní Kánádà, Suzan McNamara, kó orúkọ àwọn ènìyàn tí ó ju 3,000 lọ jọ sí abẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí olórí ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ fi kún oògùn tí wọ́n ń ṣe. Òun tìkára rẹ̀ rí i lò, ara rẹ̀ yá, ó sì padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún oògùn náà ní àṣẹ. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe lé e lórí, nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Oògùn wà, ta ni yóò rà á? Ní ìgbà náà, owó rẹ̀ fún ọdún kan ju 24,000 dọ́là lọ. Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Argentina wá, Maximiliano Rivarola, ti kú nípa àrùn yìí ní ọdún 1991 nígbà tí ó di ẹni ọdún 17. Ní ọdún 1997, ìyàwó bàbá rẹ̀, Pat Garcia-Gonzalez, pẹ̀lú ẹbí, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní orúkọ ọmọ náà, tí a ń pè ní Max Foundation. Ẹgbẹ́ yìí àti ilé-iṣẹ́ Novartis jọ dá ètò kan sílẹ̀ tí a fi ń fún àwọn tí kò lówó ní Glivec lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2003 ni ètò náà dé Ilé-Ifẹ̀, sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti gbogbo igun Nàìjíríà, títí kan òkè Ọya lọ́hùn-ún, ni àwọn aláìsàn ti ń wá sí Ifẹ̀ gba oògùn tí àwọn tí wọ́n lówó jù wọ́n lọ ní ilẹ̀ mìíràn ń san owó ilé fún. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà wa yóò mọ ohun tí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń ná ènìyàn, bí oògùn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lónìí, imatinib tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ti wà, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ púpọ̀. Àwọn oògùn mìíràn, bí dasatinib àti nilotinib, sì wà fún àwọn tí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́ lára wọn.

Wàyí o, a dé orí ọ̀rọ̀ tí ó mú wa pe ìpàdé yìí. Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ nínú ìgò. Ní ilé-ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà fi ìdérí kan sí orí ìgò oògùn àwọn aláìsàn 87, ìdérí tí ń ka iye ìgbà tí a ṣí i. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Láàárín àwọn tí wọ́n lò ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún hóró tí ó yẹ kí wọ́n lò, nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí dókítà ń fẹ́ láàárín ọdún mẹ́fà. Láàárín àwọn tí kò lò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 28 péré. Ẹ kíyèsi i pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú oṣù kan. Ọjọ́ mẹ́ta tí a gbàgbé, tàbí tí owó ọkọ̀ kò sí, tàbí tí a rìnrìn-àjò lọ síbi òkú.

Kí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn wa dá oògùn náà dúró? Ìkínní nínú wọn, tí ó yani lẹ́nu, ni pé ara wọn yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́ta, ọlọ inú á wálẹ̀, aláìsàn á jẹun, á sì padà sí ọjà tàbí sí oko. A ó wí pé ó ti san, ọpẹ́ á sì pọ̀. Kí ọpẹ́ pọ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì búburú tí awò kò lè rí mọ́ ṣì wà nínú mùdùnmúdùn, àyẹ̀wò kan sì wà tí ó lè ṣàwárí ọ̀kan péré láàárín 100,000. Bí a bá dáwọ́ oògùn dúró, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, nígbà mìíràn wọn á sì padà wá pẹ̀lú agbára tí oògùn ti ìṣáájú kò lè ká mọ́. Òtítọ́ ni pé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àyẹ̀wò yìí kò ti rí nǹkan kan, àwọn dókítà a máa gba àwọn aláìsàn kan láyè láti dúró, nǹkan bí ìdajì wọn a sì wà láìpadà sí i. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò oṣooṣù ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbà á ní ìmọ̀ràn, bí ó ti wù kí ipò ẹni náà ga tó nínú ìjọ.

Ààwẹ̀ pẹ̀lú wà. Oògùn yìí yẹ kí a gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ àti omi ife ńlá kan, nítorí a máa fa èébì bí inú bá ṣófo. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò ó. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òun lè máa lò ó ní àṣálẹ́ nígbà tí òun bá jẹun. Àgbo náà ńkọ́? Àwọn egbòogi kan a máa mú kí ara tú oògùn dànù kí ó tó ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn a sì máa mú un pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú ìgò àgbo, kò sí bí dókítà yóò ti ṣe mọ̀ èyí tí ó jẹ́.

Ohun kan tún wà tí a kò rí kí àwọn ìwé òyìnbó fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Imatinib a máa mú kí àwọ̀ dúdú pọ́n. Ojú a sì máa wú díẹ̀ ní òwúrọ̀. Obìnrin tí ń gbé oògùn rẹ̀ mì láìjáfara yóò wá bọ́ sí ẹnu àwọn aládùúgbò pé ó ń fi ìpara bó ara. Nígbà tí kò sì fẹ́ sọ àrùn rẹ̀ fún wọn, yóò fi oògùn sílẹ̀ nítorí ẹ̀gàn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti mọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ní ọ̀dọ̀ yín.

Nípa olùrànlọ́wọ́, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ẹni tí àrùn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n kò ní ọlọ́ya mìíràn ní àdúgbò rẹ̀. Ó ní láti wá wọn lọ. Ọ̀nà tí ó kúrú jù ni yàrá tí a ti ń dúró de dókítà ẹ̀jẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá. Kí aláìsàn bi nọ́ọ̀sì léèrè, Ta ni ó tún ní irú tèmi, tí ó sì ti pẹ́ lórí oògùn? Kò sí ìwàásù tàbí ìwé tí ó lè ṣe ohun tí ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí oògùn lè ṣe nígbà tí ó bá dìde dúró níwájú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní àná. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ètò Max Foundation lè gba orúkọ òun, nítorí dókítà ni í fi orúkọ ránṣẹ́, kì í ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aláìsàn ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ti para pọ̀ láti ọdún 2007 ní abẹ́ orúkọ CML Advocates Network. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fi ṣe ìrántí àrùn náà lọ́dọọdún, nítorí okùn kẹsàn-án àti okùn kejìlélógún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ sí ọ̀dọ̀ Leukaemia Care, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1969, tàbí MPN Voice fún àwọn ìbátan àrùn náà mẹ́ta; àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà ní Blood Cancer United, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ Leukemia & Lymphoma Society, tí ó ti wà láti ọdún 1949.

Ohun tí ìjọ lè ṣe kò sì le. Ẹgbẹ́ tí ń dá owó aṣọ lè dá owó ọkọ̀ ẹnìkan sí ilé-ìwòsàn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ìwé kà lè bá a lọ, kí ó kọ ohun tí dókítà wí sílẹ̀, pẹ̀lú iye ẹ̀jẹ̀ ti ọjọ́ náà, sí inú ìwé kan tí a kò ní sọnù. Ẹnìkan nínú ilé lè máa ka hóró oògùn ní alaalẹ́ Àìkú, kí a lè mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé ó fẹ́ tán. Ẹni tí a kò sì sọ fún, kí ó má ṣe wádìí. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun ìkéde láàárín ìsìn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí a sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí a ti parí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn kan dìde bi wá ní ìbéèrè, a ó sì dáhùn èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn níhìn-ín: ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbéyàwó, kí ó sì bímọ? Ó lè ṣe é. Ọkùnrin tí ń lo imatinib ti ń bí ọmọ tí ara wọn le. Ti obìnrin ni ó gba ìṣọ́ra, nítorí oògùn náà lè pa ọlẹ̀ inú rẹ̀ lára, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí obìnrin tí ó ń fẹ́ ọmọ má ṣe dá oògùn dúró ní ìkọ̀kọ̀, kí ó má sì ṣe dúró títí yóò fi lóyún kí ó tó sọ. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ bá dókítà ṣáájú. Bí àrùn náà bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa, dókítà lè yan ìgbà kan tí yóò fi oògùn sílẹ̀ fún un, tàbí kí ó fi irú mìíràn tí kò pa ọmọ lára rọ́pò rẹ̀, yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà náà, yóò sì dá a padà sí orí oògùn ní àkókò tí ó bá tọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Nígbà tí ó bá sì ń lò ó, kò gbọdọ̀ fún ọmọ náà ní ọmú. Kí a ti ra wàrà ọmọ sílẹ̀, kí a sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá ọkọ ṣáájú ọjọ́ ìkómọ.